Ọ̀rọ̀ Mábù Ojú Oórì Màmá Àgbà

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí fótò mábù tí o fi ránṣẹ́, pé kí a fi bo ojú oórì Màmá Àgbà. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ti jẹ́ kí n gbọ́ pé o fẹ́ yáwó ní báńkì torí ẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹkún lo máa fi dá mi lóhùn.

Ṣé o rántí ọgbà tó wà nítòsí kàtídírà St Paul's, níbi tí o mú mi lọ jẹun ọ̀sán nígbà tí mo wá sí Lọ́ńdọ̀nù? Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan dúró níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ò sí. Òdòdó rósì ni wọ́n gbìn síbi tí àga ìjọ wà. Látìgbà tí mo ti dé ilé ni mo ti ń kà nípa ibẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn Greyfriars, ìyẹn àwọn aláṣọ eérú, ni. Àwọn ni ọmọ ẹ̀yìn Francis Mímọ́ ará Assisi, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní kó ohun ìní jọ. Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1224. Ẹsẹ̀ àwọn aláṣọ eérú yìí ni àwọn ayaba fẹ́ sùn sí, nítorí àdúrà wọn. Margaret, aya Edward Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá fún wọn ní 1306. Inú ẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 1318. Ní 1358, ó kan Isabella, aya ọba Edward Kejì. Wọ́n ní ọkàn tí wọ́n yọ láyà ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin mọ́ ọn. Ọkọ tí òun fúnra rẹ̀ lé kúrò lórí oyè o! Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ní 1538, ọba Henry Kẹjọ ti ilé àwọn aláṣọ eérú náà pa. Nígbà tó yá, Martin Bowes, alágbẹ̀dẹ wúrà, ta ibojì 9 àti òkúta ojú oórì bí 140, mábù àti alabásítà, ní nǹkan bíi 50 pọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀! Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1666, wọ́n tún un kọ́. Bọ́ǹbù Jámánì tún jó o ní 1940.

Simẹ́ńtì tí a dà sójú oórì Màmá ò sán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kùn ún ni. Àmọ́ àbúrò Màmá, èyí tó ń ta èlùbọ́, ṣì wà láàyè. Ní Sátidé, mo bá a níbi tó ti ń fọwọ́ tá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ń wá ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè là á. Èyí tí o bá rí fi sílẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, láìyáwó, fi ránṣẹ́. Ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.