Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Kakuri, Kaduna

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o kò gbé fóònù mi. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ náà kò wá, àmọ́ kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọmọ Ìyá Kàfáyá tó ń gbé ní Kubwa ló wálé wá sọ pé ìwọ lo kọ ìdáhùn WAEC sójú pátákó fáwọn ọmọ, pé àwọn òbí dáwó jọ fún ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kọ́ là ń gbà. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni?

Bàbá rẹ ra àgùntàn kan. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Bàbá rẹ ni mò ń wí o, kì í ṣe àgùntàn.

Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ń san fún ọ tó. Láti 2024 nìjọba ti ní kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 náírà. 45,000 lọ̀gá yín ń kà fún ọ, tí o sì ń máàkì ìwé mọ́jú. Owó ilé-ìwé ọmọ kan ní táàmù kan ju owó oṣù rẹ mẹ́ta lọ. Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Mi ò ní sọ pé èrè tíṣà ń bẹ lọ́run, onílé rẹ kò ní lọ gbowó ilé lọ́run. Ṣùgbọ́n ṣé o gbà á, Àbẹ̀kẹ́?

Ìwọ fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi ni mo ní o lọ gba NCE ní Gidan Waya, pé iṣẹ́ tíṣà níyì. Má bínú.

Ní 1993, oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi sanwó fún àwa tíṣà. Bàbá ọmọ kan gbé múdù àgbàdo mẹ́rin wá lálẹ́, mo bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí prámárì mẹ́fà, ọmọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ẹ̀kọ àgbàdo yẹn ni mo fi já ọ lẹ́nu ọmú.

Mo pàdé ọmọ náà ní báǹkì lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti hu irùngbọ̀n. Ó pè mí ní Màlámà, ó tẹ̀ ba, ó na fọ́ọ̀mù sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ ọ́." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó rò pé ọjọ́ ogbó ló fà á.

Bí o bá ti gbà á, sọ fún mi. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bá ọ wí?

Mo fi gàrí àti kúlíkúlí rán ọmọ Ìyá Kàfáyá sí ọ. Má bá a jà. Pè mí, má tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìyá rẹ