Òjò ń rọ̀, ẹ pa pọ́intà méjèèjì

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi lè rí i.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo ti kó ọmọ 11 kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo ọkọ̀ iwájú mi fi tan pọ́intà, iná tí a fi ń sọ ibi tí a fẹ́ yà, tọ̀tún tòsì pa pọ̀. Wọ́n ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, eré tí wọ́n ń sá kò sì dín rárá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi bi mí pé: “Màmá, ṣé gbogbo ọkọ̀ yìí ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni?”

Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ọkọ̀ tó kú sójú títì, tàbí tó dúró síbi tó lè pa ẹlòmíì lára, ni wọ́n ṣe títan méjèèjì pa pọ̀ fún. Bí ọkọ̀ bá ń rìn tí méjèèjì ń ṣẹ́jú, ta ni yóò mọ̀ bóyá òsì ló ń yà tàbí ọ̀tún? A ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kan nínú wọn fi já sósì níwájú mi lójijì. Búréèkì ló gbà wá, Ọlọ́run ló sì jẹ́ kó mú. Bàbá náà dúró, ó sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ nínú òjò, ó yọ orí àti apá síta, ó ń tọ́ka sí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀: “Ìyá yìí, ṣé o ò rí i pé mo tan pọ́intà ni?” Ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Kó tó bú mi tán, omi ti ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin gbingbin. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Àwọn tó tún ń já mi láyà ni àwọn tó ń fi imú ọkọ̀ wọn kan ìdí bọ́ọ̀sì mi, tí wọ́n ń fun fèrè pé kí n sáré. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò gan-an ló léwu. Ọ́ìlì tó ti ń kán sójú ọ̀dà láti ìgbà tí ilẹ̀ ti gbẹ yóò pò mọ́ omi, títì yóò wá máa yọ̀ bí ẹni da ọṣẹ sí i. Àyè tí ọkọ̀ nílò kó tó dúró lè di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sáàárín yín àti ọkọ̀ iwájú. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹ wo òpó tí ọkọ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kí ẹ máa kà títí ẹ ó fi débẹ̀. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì mi mọ̀ ọ́n kà, ariwo ni wọ́n máa ń fi kà á.

Táyà ńkọ́? Àwọn ìlà ojú rẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Bí ó bá ti jẹ tán, tó dán bí orí apárí, ọkọ̀ yóò gun orí omi, ìdarí yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré, kí ẹ di ìdarí mú gbọnin títí táyà yóò fi tún di ilẹ̀ mú.

Mo tún ń rí àwọn tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tí wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu inú gíláàsì. Èémí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń bò ó. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù sí i, yóò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì torí pé jíìpù lẹ gbé kó wọ àgbàrá. Omi tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré léfòó, èyí tó bá tó 60 tó sì ń ṣàn lè gbé jíìpù lọ.

Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan tó ń rọra lọ nínú òjò, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ tàn, tí pọ́intà rẹ̀ kò ṣẹ́jú, èmi ni. Ọmọ 14 ló máa ń wà lẹ́yìn mi bí mo bá kó wọn pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fun fèrè.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé