Ẹ̀kọ́ Àyíká Kò Gbọdọ̀ Parí Sórí Gbígbin Igi

Sí Olóòtú,

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ọmọ iléèwé tó ń gbin igi, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa àyíká ń parí sí ní ọ̀pọ̀ iléèwé. A ń kọ́ ọmọ pé kó má da ìdọ̀tí sílẹ̀, a kì í kọ́ ọ láti béèrè ìdí tí ààtàn ńlá àti iléeṣẹ́ olóèéfín fi sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn tálákà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lóṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ẹ̀rọ ìlú náà láti odò Flint kí owó tí wọ́n ń ná lè dín kù. Wọn ò fi èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i, ni òjé inú àwọn páìpù àtijọ́ bá ń yọ́ sínú omi táwọn ọmọdé ń mu, bẹ́ẹ̀ òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àwọn aráàlú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti tálákà, pariwo títí, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní omi náà ò léwu.

Nígbà tó di 2015, àwọn aráàlú àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Virginia Tech jọ bu omi nílé tó lé ní 200 fún àyẹ̀wò. Àwọn aráàlú kọ́ pé omi náà gbọ́dọ̀ ti dúró nínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán, pé èyí tó bá kọ́kọ́ jáde ni kí wọ́n bù, torí bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣàn dànù ná, òjé tó ti kó jọ á bá a lọ. Èsì àyẹ̀wò yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ káwọn aláṣẹ rí ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀ mọ́.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láti 1977 ni ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àyíká tó wáyé nílùú Tbilisi, ní Georgia, ti sọ pé tọmọdé tàgbà ni ẹ̀kọ́ àyíká wà fún, nínú iléèwé àti lóde rẹ̀. Ní 2022, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni àyíká tó mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ẹ̀tọ́ tí kò mọ̀ pé òun ní? Kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fi bí a ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò, bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kún iṣẹ́ kíláàsì, kí wọ́n sì fi èdè tí àwọn òbí ń sọ kọ́ àwọn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan