Ẹ má bá a de bọ́tìnnì kí OT tó dé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, tó ní àwa òbí tó wà lókè òkun ń fi egbò ọmọ ṣòwò, ló mú mi gbé bíírò. Mi ò bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbá ọmọ mi níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, kò jìnnà sílé wa ní Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù. Oríkì rẹ̀, Àjàní, ni màá fi pè é níbí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Egungun apá ọ̀tún rẹ̀ kán lókè ìgbúnwọ́, iṣan tó ń bá àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣiṣẹ́ sì fara pa. Dírẹ́bà ò jiyàn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń dúró fún un náà gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ohun tó kù ni pé èló ni owó gbà-má-bìínú tó tọ́ sí ọmọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Egungun jiná. Dókítà egungun wo fọ́tò X-ray, ó ní ó ti so pọ̀ dáadáa. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í fa síìpù. Àwọn tó ń wo ti síìpù ni wọ́n ń pè ní occupational therapist, OT la máa ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ohun tí èèyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe lójúmọ́: bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń wọṣọ, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń kọ̀wé, èyí tó ń le fún un, ẹni tó ń bá a ṣe é, àti iye àkókò tó ń gbà. Ohun tí wọ́n bá kọ ni àwọn lọ́yà máa fi ṣírò owó náà, òun náà ni adájọ́ máa kà.

OT kìíní tó wá sílé wa, lọ́yà wa àti àwọn adójútòfò ni wọ́n jọ yàn án. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ní òun ń bọ̀. Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbálẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo din dòdò, mo wẹ Àjàní, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, mo so okùn bàtà rẹ̀. Ó jókòó bí ọmọ ọba. OT béèrè pé ọwọ́ ńkọ́? Mo ní a dúpẹ́, ó ti ń dáa. Ṣé ó ń dá wọṣọ? Mo ní ó ń gbìyànjú gan-an. Ṣé ẹ máa ń ràn án lọ́wọ́? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣebí iṣẹ́ ìyá ni.

Nígbà tí lọ́yà ka ìwé tí OT kọ fún mi lórí fóònù, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà wọṣọ létòlétò, ìyá rẹ̀ kò sì sọ ìṣòro kan tó lágbára. Kí ni n bá sọ? Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní aláàbọ̀ ara? Wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà náà la ó fi dá wọn lóhùn, bí iná tilẹ̀ ń jó lórí òrùlé. Tèmi tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti jáde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba máìkì, mo ní Ọlọ́run ti mú ọwọ́ ọmọ mi dá ṣáṣá, kò ku nǹkan kan. Ìmoore ni mo fi sọ ọ́. YouTube ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbé ìsìn rẹ̀ sí. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà àwọn adójútòfò, ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ò yingin. Ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire kan ló gbowó túmọ̀ rẹ̀! Ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi rín.

Lọ́yà wa ò rín ẹ̀rín. Ó ní òfin kan wà láti ọdún 2015, pé bí adájọ́ bá rí i pé ẹni tó ń béèrè owó purọ́ nínú ohun tó jẹ́ gbòǹgbò ẹjọ́ rẹ̀, kó da gbogbo rẹ̀ nù, títí kan apá tó jẹ́ òótọ́, àyàfi tó bá máa jẹ́ ìyà ńlá fún ẹni náà. Ó ní kí n má bù mọ́ ọn o, ṣùgbọ́n kí n má bù kúrò níbẹ̀ náà. Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ ohun tí mo bá ṣe fún Àjàní sí i lójoojúmọ́.

Ìtìjú bá mi níbẹ̀ yẹn, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bí mo bá de bọ́tìnnì súwẹ́tà màmá kan níbẹ̀, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú aago. Wọ́n ń sanwó wákàtí fún mi lórí rẹ̀. Màá wá délé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, màá de bọ́tìnnì ọmọ mi, màá pè é ní "kò sí ìṣòro".

OT kejì wá lọ́dún 2024, èyí tó máa kọ̀wé fún ilé-ẹjọ́. Obìnrin kan ni, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé lóòótọ́ lọ́yà wa ló ń sanwó òun, ṣùgbọ́n adájọ́ ni òun jẹ ní gbèsè òótọ́, bó bá sì dùn wá, bó bá sì korò, òun á kọ ọ́. Aago méje àárọ̀ ló wá, ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kan ọmọ. Ó gbé aago sórí tábìlì. Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé, bọ́tìnnì mẹ́fà. Àjàní fi ọwọ́ òsì di ọ̀kan mú, ó fi ẹ̀yìn ìka ọ̀tún tì í, ó yọ̀. Ó fi eyín fa aṣọ. Ẹ̀kẹta bọ́ sí ihò ẹ̀kẹrin, ó tú u, ó tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí wọ́n má baà lọ bá a.

Lọ́sàn-án, OT lọ sí iléèwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé nírọ̀lẹ́, ó yọ ìgò omi nínú báàgì Àjàní, ó gbé e síwájú mi. Ó kún bí mo ṣe kún un láàárọ̀. Ó ní kí ọmọ sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Àjàní wolẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá mu ún, màá fẹ́ tọ̀. Tí mo bá tọ̀, mi ò lè de ṣòkòtò mi padà." Ó ti lé lọ́dún méjì, olóòtú. Èmi tí mò ń da omi náà nù lálaalẹ́, mo rò pé òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ ni.

OT tún ní kí òun rí i bí Àjàní ṣe ń jẹ oúnjẹ tí a máa ń jẹ. Ẹ̀bà ni. Ọwọ́ òsì ló fi bu òkèlè, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń gbé e mì. OT ní kí ló ń wò? Mo ní bàbá mi àgbà wà lọ́dọ̀ wa, ó sì kórìíra ọwọ́ òsì nídìí oúnjẹ. Ìyẹn náà wọ inú ìwé rẹ̀: pé fọ́ọ̀kì nìkan ò tó láti fi wọn ọmọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi ọwọ́ jẹun.

Èyí tó kù, ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ni mo fi dá lóhùn. Ní England, bí ẹnu bá tilẹ̀ kò lórí owó ọmọdé, adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àpò ilé-ẹjọ́ ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí títí ọmọ á fi pé ọdún 18. Bí ìyá bá fẹ́ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ, á kọ̀wé, á sọ ìdí. Mi ò fi ra Camry. Èyí tó jẹ mọ́ tèmi ni owó wákàtí tí mo fi tọ́jú rẹ̀ ju bí ìyá ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ, wọ́n sì yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò níbẹ̀ nítorí pé èèyàn ẹni ló ṣe é, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò sì tíì pe ẹjọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó má rò pé ó ti bọ́: ọdún mẹ́ta tí òfin fúnni kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ọmọ á fi pé 18.

Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 ni owó ìdójútòfò third party fún mọ́tò àdáni ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà nílé, ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe sì wà lára ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbà á, kì í ṣe pé kí ọlọ́pàá má dá wa dúró lójú títì. Ifẹ̀ náà ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ OT ní yunifásítì. Àmọ́ bí ọ̀kadà bá gbá ọmọ, dírẹ́bà á sanwó ọsibítù, àwọn àgbà á dọ̀bálẹ̀, ó parí. Ta ló bi ọmọ náà léèrè bó ṣe ń tọ̀?

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì na ọwọ́ sí Àjàní, ó na òsì sí i padà. Bàbá ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Mo ti la ẹnu láti tọrọ àforíjì. Ọmọ ló ṣáájú mi: "Ẹ má bínú sà, ọ̀tún ò lè di nǹkan mú dáadáa." Nígbà tí a délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú aago.

Èmi ni,
Ìyá Àjàní,
Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù.