Kí á máa yẹ omi Ọ̀ṣun wò fúnra wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní optofluidics, mo sì fẹ́ kí àwa ará Òṣogbo fi ojú odò tiwa wò ó.

Wọ́n á la ojú ọ̀nà tó tín-ín-rín bí irun sára gíláàsì tàbí ike pẹlẹbẹ, omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ tí kò ju ẹ̀kán kan lọ á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á sì tan iná sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe yí padà ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2014, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Aydogan Ozcan, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà lo irú ọgbọ́n yìí láti fi fóònù wá mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, nínú omi. Èérún wúrà tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n lò. Àwọ̀ rẹ̀ pupa nínú omi, ṣùgbọ́n bí mẹ́kúrì bá wà níbẹ̀, àwọn èérún náà á kóra jọ, àwọ̀ wọn á sì máa yí sí búlúù. Iná aláwọ̀ ewé àti iná pupa á la omi náà kọjá, kámẹ́rà fóònù á ṣírò ìyàtọ̀ wọn. Ó ń rí mẹ́kúrì tí kò ju máíkírógíráàmù 3.5 lọ nínú lítà omi kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù), bẹ́ẹ̀ máíkírógíráàmù 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n fún omi mímu.

Mẹ́kúrì yìí kan náà ni àwọn tó ń wa wúrà ní kọ̀rọ̀ fi ń kó wúrà jọ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. A mọ̀ pé wọ́n ń wa wúrà lágbègbè Iléṣà. Gbogbo wa la rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí omi amọ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn tó wá sí Ọdún Ọ̀ṣun má mu ún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọ̀ omi là ń wò. Bó bá ti tòrò, a ó ní ó ti dára. Àwọn kan ń fi álọ́ọ̀mù sí i, àwọn kan ń sè é. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, iná sì ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n sísè kì í mú mẹ́kúrì kúrò, omi tó mọ́ gaara sì lè ní in nínú. Ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ewu rẹ̀ sì le jù fún ọmọ inú oyún. Ọ̀ṣun là ń kì ní ẹni tó ń fi omi tútù wo ọmọ. Àwọn aboyún àti ìyá tó ń pọn omi yìí nítorí ìgbàgbọ́ yẹn ló yẹ kí á kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún.

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí dídín lílo mẹ́kúrì kù, ní 2013, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2018. Ẹni tí yóò máa bu omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la nílò báyìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà láàrin ìlú wa. Mo bẹ ìjọba kí wọ́n fún wọn lówó láti ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ omi náà, torí ẹrẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Èsì tó bá kọni lóminú, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù ńlá. Ẹja ní tirẹ̀ nílò àyẹ̀wò mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Delft ní Netherlands àti àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jọ ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Schistoscope, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà wá ẹyin aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá nínú ìtọ̀ tí wọ́n ti sẹ́. Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti dán an wò.

Kí oṣù kẹjọ tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n ti máa lẹ èsì àyẹ̀wò mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, kí rédíò sì máa kà á ní Yorùbá. Bí wọn kò bá rí mẹ́kúrì rárá, kí wọ́n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo