Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Rìn Ín: Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara wa le nílé, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ńkọ́?

Àbúrò rẹ sọ fún mi pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ háyà mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé láti fi yí Ìsàlẹ̀ Èkó po, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Jọ̀ọ́, ẹ má háyà mọ́tò kankan. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ sì ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni mọ́tò máa há yín mọ́, ẹ̀yìn dáńfó lẹ ó máa wò, tí ilé tó yẹ kí ẹ wò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 dé Marina láàárọ̀. Bàtà tó ti mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni kí o wọ̀. Fi ìborùn sínú báàgì nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, kí o gbé báàgì náà síwájú àyà, kí o má sì di fóònù mú lójú títì.

Kàtídírà Áńgílíkà ní Marina ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà. Òṣoògùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní nǹkan bí 1821. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì léwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Lẹ́tà tí mò ń kọ sí ọ yìí pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tó kú ní 1891, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba wó itẹ́ náà, ní 1976 ni wọ́n wá tún un sin sí Kàtídírà. Ní Èkó, òkú àgbà pàápàá lè kó kúrò nílé.

Ẹ gba Kakawa kọjá, kí ẹ rí ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé; Àgùdà la ń pe irú wọn. Kànga ilé náà ni wọ́n ti ń ta omi fún ará àdúgbò nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì wọ Èkó.

Bí ẹ bá dé ojúde Tinúbú, ẹ kí ère Ẹfúnróyè Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ojúde náà, kí ẹ wá bi àgbà ọlọ́jà kan pé ibo ni ilé Ìlọ́jọ̀, ilé àwọn Àgùdà kan, wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, 2016. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí dòní. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ sáré nìyẹn. Ilé tí ẹ bá rí lọ́jọ́ Sátidé yìí, kò sẹ́ni tó lè fi dá yín lójú pé ẹ máa bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ pẹ́ díẹ̀ ní mọ́sáláṣí Shitta-Bey. João Baptista da Costa, ọ̀gá mọlémọlé láàárín àwọn Àgùdà, ló darí iṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ 4, oṣù keje, 1894. Gómìnà òyìnbó wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì ti Liverpool wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, tó fi Mohammed Shitta, ẹni tó kọ́ mọ́sáláṣí náà, joyè Bey. Ẹ wo ara ògiri iwájú rẹ̀ dáadáa. Irú ọnà tí àwọn Àgùdà ń ṣe sára ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ara wọn ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí àti ìwọ jọ dúró wo ìyẹn.

Ní Ìgà Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, ẹ má na fóònù sí ẹnu ọ̀nà ọba. Ẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹ tọrọ ààyè. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ọba Dòsùnmú ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ọkọ̀ ogun dúró sínú ọ̀sà, tí wọ́n sì gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861. Ẹ rántí ìyẹn níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé Pópó Àgùdà, ní àyíká Campos àti Bámgbóṣé, ẹ gbójú sókè. Ṣọ́ọ̀bù àti pátákó ti bo ìsàlẹ̀ ilé, àmọ́ lókè, ẹ máa rí òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ yí fèrèsé ká, ọ̀dà ti ṣí lára àwọn mìíràn. Ilé onílé ni o. Bí màmá àgbà bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kúnlẹ̀, kí o ní, “Ẹ kú ilé o, mà,” kí o tó sọ̀rọ̀ fọ́tò rárá. Bí ó bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ohun tó máa sọ fún yín kò sí lórí fóònù, bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì ta ilé náà, kò ní sí níbì kankan mọ́.

Ẹ parí rẹ̀ sí Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́ nígbà kan. Láti 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ẹ ra nǹkan tútù mu, kí ẹ sinmi ẹsẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ fríjọ̀n àwọn Àgùdà, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ni ọkàn yín ń fà sí, ó di Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Mo máa fi owó oúnjẹ sínú àkáǹtì rẹ kó tó di ọjọ́ náà. Ìwọ nìkan kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí o, fi ra tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà. Kí o sì kọ orúkọ gbogbo àgbà tó bá sọ ìtàn fún yín sílẹ̀; mo lè mọ ẹbí àwọn kan nínú wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ