Orí ọ̀rá ni wọ́n ti ń kọ́ igi ṣúgà, kì í ṣe orí purotéènì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ fi odidi ojú ewé kan sílẹ̀ fún purotéènì tó ń ru ṣúgà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka Yorùbá. Àmọ́ àwòrán tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ náà ṣini lọ́nà. Ó fi purotéènì hàn bí okùn, ó sì fi énsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì) hàn tó ń fi ṣúgà sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe mucin tó wà nínú itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n transferrin ni òǹkọ̀wé yín fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn purotéènì tó ń gbé irin kiri inú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ti transferrin. Orí ọ̀rá ni wọ́n ti ń kọ́ igi ṣúgà tirẹ̀, ìyẹn ṣúgà tó so pọ̀ bí igi ẹlẹ́ka, ṣúgà 14 á pé, kí wọ́n tó gbé gbogbo rẹ̀ lé purotéènì lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè ka èsì àyẹ̀wò tí àpilẹ̀kọ yín dárúkọ níparí, ìyẹn àyẹ̀wò transferrin inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá CDG, àwọn àìsàn àbímọ́ tí kíkọ́ igi ṣúgà tàbí títún un ṣe ti níṣòro.

Dolichol ni orúkọ ọ̀rá náà. Ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù gbà kí wọ́n tó pínyà, àmọ́ kábọ́ọ̀nù 27 ló wà nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, nígbà tí ti dolichol ara èèyàn máa ń wà láàárín 90 sí 100. Bí a bá nà án tán, ó gùn ju ìnípọn awọ ọlọ́ràá inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ńṣe ló ká jọ síbẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan, tí fọ́síféètì wà, ló yọ síta. Ní 1970, ní Buenos Aires, Luis Leloir àti Nicolás Behrens fi hàn pé dolichol tó ní fọ́síféètì máa ń gba gúlúkóòsì nínú ẹ̀dọ̀. Ọdún yẹn náà ni Leloir gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe ṣáájú lórí ṣúgà tó so mọ́ nucleotide (irú èròjà tí wọ́n fi ń kọ́ DNA àti RNA). Bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ ni òǹkọ̀wé yín ń lò, kó ṣọ́ra níbì kan: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé énsáìmù SRD5A3 nìkan ló ń sọ polyprenol, ọ̀rá tó ṣáájú dolichol, di dolichol, ní ìgbésẹ̀ kan. Iṣẹ́ tó jáde ní 2024 fi hàn pé ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Énsáìmù mìíràn, DHRSX, ló ń ṣe àkọ́kọ́ àti ìkẹta, SRD5A3 ń ṣe ti àárín.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ igi náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì, yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní ER. Awọ tí dolichol wà nínú rẹ̀ ni ògiri yàrá yìí, níta ògiri náà sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Énsáìmù DPAGT1 mú GlcNAc, irú ṣúgà kan, pẹ̀lú fọ́síféètì kan, ó fi lé orí dolichol, fọ́síféètì ibẹ̀ wá di méjì. Énsáìmù ALG13 àti ALG14 jọ fi GlcNAc kejì sí i. Mannose, irú ṣúgà mìíràn, ló kàn: ALG1 fi ọ̀kan, ALG2 fi méjì, ALG11 fi méjì. Ṣúgà ti di méje. Ibí yìí ni wọ́n ti ń yí gbogbo rẹ̀ wọlé, tí orí tó kọjú síta á wá kọjú sínú yàrá. Kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí ṣúgà fẹ́ràn omi, àárín awọ sì jẹ́ ọ̀rá gidi. Kò lè dá kọjá fúnra rẹ̀. Nínú yàrá, ALG3, ALG9 àti ALG12 á fi mannose mẹ́rin kún un (ALG9 ń ṣe ẹ̀ẹ̀mejì), ALG6, ALG8 àti ALG10 á fi gúlúkóòsì kọ̀ọ̀kan parí rẹ̀. Dolichol ló tún ń gbé ṣúgà méje ìkẹyìn yìí wá, nítorí mannose àti gúlúkóòsì tó so mọ́ nucleotide kò wúlò fún àwọn énsáìmù inú yàrá yẹn.

Gúlúkóòsì mẹ́ta yẹn kì í pẹ́ lórí igi. Kété tí igi bá ti dé orí purotéènì ni wọ́n ti ń gé wọn kúrò. Kí wá ni wọ́n ń fi wọ́n sí i fún? Èdìdì ni wọ́n. Énsáìmù tó ń gbé igi lé purotéènì, OST, gúlúkóòsì ìkẹyìn ló fi ń mọ igi tó ti pé. Bó bá rí i, á wá ibi tí asparagine wà nínú àwọn amino acid tí wọ́n tò pọ̀ di purotéènì, tí serine tàbí threonine jẹ́ ìkẹta rẹ̀, tí èyí tó wà láàárín wọn kì í sì í ṣe proline, á gbé igi náà síbẹ̀. Igi tí kò pé, OST kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí àwòrán yín fi pa mọ́ nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ṣúgà sí transferrin, à bá máa rí igi kúkúrú lára rẹ̀ nígbà tí ALG6 bá bàjẹ́. A kì í rí i. Ohun tí à ń rí ni purotéènì tí ibì kan lára rẹ̀ wà lófo pátápátá, tí ibòmíràn sì ru igi tó dára. Ibi méjì ni transferrin ti ń ru igi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé igi kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tún un ṣe, ẹ̀ka méjì ló máa ń ní, sialic acid kan, ìyẹn ṣúgà tó máa ń wà ní ṣóńṣó, lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni àpapọ̀. Bí igi kan bá sọnù, ó ku méjì. Bí méjèèjì bá sọnù, ó di òfo. Àyẹ̀wò náà ń pín transferrin sí ìlà gẹ́gẹ́ bí iye sialic acid tó rù. Nítorí náà, bí ìlà oníméjì àti ìlà olófo bá pọ̀ lójú àyẹ̀wò, kíkọ́ igi tàbí gbígbé e lé purotéènì ló níṣòro, ìyẹn irú kìn-ín-ní. Bí ìlà onímẹ́ta àti ti ọlọ́kan bá wà níbẹ̀, igi ti dé orí purotéènì, títún un ṣe lẹ́yìn náà ló níṣòro, ìyẹn irú kejì.

Kí ẹni tó ń ka èsì má sì kánjú. Ọtí àmujù lè mú ìlà oníméjì pọ̀. Galactosaemia (àìsàn tí ara kì í fi í lè lo galactose, ṣúgà tó wà nínú wàrà) tí wọn kò tíì tọ́jú lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti àìlègba fructose, ṣúgà inú èso, tó jẹ́ àbímọ́. Nínú ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan, kí àìsàn sì wà níbẹ̀. Bí ìlà bá ṣàdédé yẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá wò, nítorí ìyàtọ̀ tí wọ́n jogún nínú transferrin fúnra rẹ̀ lè fa irú rẹ̀ láìsí àìsàn kankan.

Àìtọ́ kan tún wà tó ká mi lára ju àwòrán lọ. Àpilẹ̀kọ náà sọ pé mímu mannose ń wo àwọn àìsàn CDG yìí. Ọ̀kan péré ló ń wò dáadáa bẹ́ẹ̀, MPI-CDG. Énsáìmù MPI ló ń fi fructose oní-fọ́síféètì ṣe mannose-6-phosphate, ìyẹn mannose tó ru fọ́síféètì, tí wọ́n ń lò láti kọ́ igi. Bí ó bá bàjẹ́, mannose tí ọmọ mu lè gba ẹ̀yìn dé ibẹ̀, nítorí énsáìmù mìíràn á fi fọ́síféètì sí i. Nǹkan bíi miligíráàmù 150 fún kílógíráàmù kan ni wọ́n máa ń fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni àìsàn yẹn ń bá jà, kì í ba ọpọlọ jẹ́. PMM2-CDG ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, èyí tí Jaak Jaeken kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Belgium ní 1980 lára ìbejì obìnrin méjì. Ara ọmọ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, orí ọmú rẹ̀ lè wọ inú, ojú rẹ̀ lè má gún, ọpọlọ ẹ̀yìn rẹ̀ á kéré. Énsáìmù PMM2 ló ń sọ mannose-6-phosphate di mannose-1-phosphate, ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìyẹn ni pé mannose tí ọmọ yìí mu á dé iwájú énsáìmù tó bàjẹ́ gan-an, á sì dúró síbẹ̀. Òbí tó bá ka ojú ewé yín lè lọ fi owó oúnjẹ ra ìyẹ̀fun tí kò ní ṣe ọmọ rẹ̀ láǹfààní.

Ẹ tún rántí pé bí Yorùbá bá gbọ́ “àìsàn ṣúgà”, ìtọ̀ ṣúgà ló ń wá sí i lọ́kàn. Àkọlé yín lò ó láìṣàlàyé. Kò sí ẹni tó lè fi àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ àìsàn tí à ń sọ yìí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún àwòrán náà tẹ̀. Ẹ fi dolichol sínú awọ, ẹ fi ṣúgà méje hàn níta àti 14 nínú, ẹ wá fi ọfà kan ṣoṣo hàn láti orí ọ̀rá sí orí purotéènì. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé MPI-CDG ni mannose ń wò, kì í ṣe PMM2-CDG.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan nídìí iṣẹ́ láàbù